Oko Ẹrú, Oko Tiwa

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865. Ọdún méjìlá tó tẹ̀ lé e ni àwọn òpìtàn ń pè ní “Reconstruction”, orúkọ yìí ló sì kọ́kọ́ ń dá olùtúmọ̀ láàmú. Bí a bá pè é ní àtúnkọ́, afárá àti ojú irin tí ogun bà jẹ́ ni òǹkàwé yóò máa fojú inú wò. Àtúntò ńkọ́? Àwọn olóṣèlú tiwa ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, agbára ìpínlẹ̀ àti owó epo ló máa wá sí i lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí wọ́n ń jà sí nígbà náà ni ta ni ọmọ ìlú, ta ni kì í ṣe ọmọ ìlú. Ìgbà Ìtúnlùúṣe ni èmi ń kọ. Atúnlùúṣe tí à ń kì ní oríkì kì í kúkú ṣe bíríkìlà.

Ọ̀rọ̀ tó le jù lójú mi kò sí nínú ìwé òfin kankan. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn ló kúrò ní ipò ẹrú, ohun tó sì yá lẹ́nu wa ni pé wọ́n “bọ́ lóko ẹrú”. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí gbólóhùn náà ń sọ: inú oko ni ìyà wà, kéèyàn jáde níbẹ̀ sì ni ìdáǹdè. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1865, Ọ̀gágun William Sherman àti Edwin Stanton, mínísítà ogun, jókòó pẹ̀lú àwọn olórí ìjọ adúláwọ̀ 20 ní Savannah, ní Georgia. Garrison Frazier ni wọ́n fi ṣe agbẹnusọ, oníwàásù ẹni ọdún 67 tó ti fi 1,000 dọ́là ra ara rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ padà. Wọ́n bi í pé kí ló ń jẹ́ ẹrú, kí ló ń jẹ́ òmìnira. Ìdáhùn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ẹrú ni kí wọ́n fi agbára gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹni láìjẹ́ pé èèyàn gbà, òmìnira ni kí èèyàn máa jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Wọ́n ní báwo ni ẹ ṣe máa gbọ́ bùkátà ara yín? Ó ní ẹ fún wa nílẹ̀, ká máa ro ó, títí a ó fi lè rà á.

Ọkùnrin yìí kò fẹ́ bọ́ lóko. Ó fẹ́ kí oko jẹ́ tiwọn. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni Sherman pàṣẹ pé kí wọ́n pín ilẹ̀ etíkun fún wọn, ìdílé kan kò ní gbà ju 40 éékà lọ. Kí ọdún náà tó parí, Ààrẹ Andrew Johnson ti ní kí wọ́n dá ilẹ̀ padà fún àwọn olówó wọn àtijọ́. Ọ̀gágun Oliver Howard, olórí àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ìtọ́jú wọn, ni wọ́n rán lọ sí erékùṣù Edisto láti lọ sọ ọ́ fún wọn lójú. Nítorí náà “ẹni òmìnira” ni mo ń kọ, mo sì fi “oko ẹrú” sílẹ̀ fún ibi tí wọ́n ti ń gbin òwú.

Àtúnṣe Kẹrìnlá sí ìwé òfin wọn, tó fìdí múlẹ̀ ní 1868, ní ẹni tí wọ́n bá bí sí Amẹ́ríkà, tó sì wà lábẹ́ àṣẹ ìjọba ibẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè ni. Ta ni yóò ní èyí le túmọ̀? Ẹ bi ọmọ tí wọ́n bí sí Mushin, tó dàgbà sí Mushin, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìlá, pé ọmọ ibo ni. Ìlá ni yóò dáhùn. Ọ̀rọ̀ agboolé ni “ọmọ bíbí” lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí ìyá bímọ sí. Bí mo bá wá kọ “ọmọ bíbí Amẹ́ríkà”, mo ti dá òfin náà padà sí 1857, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn dájọ́ nínú ẹjọ́ Dred Scott pé ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá láti Áfíríkà kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. “Ẹni tí a bí sórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà” gùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yẹn ni òfin ń tọ́ka sí.

Ní Mississippi, òfin tí wọ́n ṣe ní ìparí 1865 ní kí gbogbo adúláwọ̀ ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ lọ́wọ́ bí ọdún tuntun bá ti dé. Ẹni tí kò ní, ẹ̀sùn dé. Ìwé atúmọ̀ èdè á ní kí n kọ “alárìnkiri”. Àwọn àgbà Èkó ní ọ̀rọ̀ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ: wándárìn. Ẹni tí ọlọ́pàá Èkó bá mú fún wándárìn láyé ọjọ́un mọ̀ pé òun kò jí nǹkan kan. Rírí tí wọ́n rí òun ni ẹ̀ṣẹ̀. Tiwọn, tiwa, òfin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ló bí méjèèjì. Ní Mississippi, ẹni tí kò bá rí owó ìtanràn san, wọ́n á fi í fún ẹni tó bá bá a san án, kó lọ máa fi iṣẹ́ dí i. Àwọn kan á ní kí n pe ìyẹn ní ìwọ̀fà. N kò gbà. Ìwọ̀fà mọ ẹni tó jẹ owó, ó mọ iye rẹ̀, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó sọ ọ́ di ọ̀daràn kó tó wọlé.

Àwọn aláwọ̀ funfun Gúúsù tó lé ìjọba Ìtúnlùúṣe lọ pe ara wọn ní “Redeemers”. Nínú Bíbélì wa, Olùràpadà ni. Owó la fi ń rà padà, bí Frazier ti ṣe; ìbọn ni tiwọn. Lọ́jọ́ Àjíǹde ọdún 1873, ní Colfax ní Louisiana, wọ́n pa ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ tó ń ṣọ́ ilé ẹjọ́ ìlú, àwọn mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀. “Àwọn tó fipá gbàjọba padà” ni mo kọ. Orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn, ẹ̀ẹ̀kan ni mo fi sínú ìwé, pẹ̀lú àmì àyọlò.