Àìtètè Mólè

"Àìtètè mólè, olè ń mólóko." Ohun mẹ́ta ni òwe yìí kó jọ sínú oko kan: olè, olóko, àti àìtètè tó wà láàárín wọn. Olóko ló ni ẹ̀tọ́, òun ló mọ ààlà ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó ti ń rò ó bóyá kí òun pariwo, olè ti kígbe ṣáájú rẹ̀, ẹjọ́ sì ti yí padà. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé àìtètè kì í fi nǹkan sílẹ̀ síbi tó wà. Ipò ló máa ń pààrọ̀: ẹni tó yẹ kó jẹ́ ọlọ́jà á di oníbàárà.

Ní etíkun Àgbádárìgì, igi àgbọn ló fi èyí hàn jù. Ní ọdún 1876, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá oko sílẹ̀ ní Tòpó, lórí ilẹ̀ oníyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, wọ́n sì gbin àgbọn síbẹ̀. Àgbọn tó ń ga máa ń lò tó ọdún 6 tàbí 7 kó tó so, ó sì lè máa so lọ títí di 60 ọdún. Ẹni tó ń sún gbígbìn rẹ̀ síwájú a máa ní, "Kí ni mo pàdánù lọ́dún kan? Ọdún àkọ́kọ́ kì í kúkú mówó wọlé." Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ti ń tàn án. Ìgbàkígbà tó bá gbìn ín, àwọn ọdún tí kò sí èso yẹn ṣì ń dúró dè é, kò lè fò wọ́n. Ọdún tó sọ nù ni ọ̀kan nínú èyí tí igi ì bá fi máa so wọ̀ǹtìwọnti. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwò ṣe rí. Ìkọ́ṣẹ́, àṣìṣe àti wíwá oníbàárà kò ní yẹ̀; ọdún èrè ni ìfàsẹ́yìn ń gé.

Mi ò sọ pé gbogbo ìdúró ni àìtètè o. Àgbọn tí a fẹ́ gbìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lórí ebè fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó rú ewé tó ṣeé lọ́. Ẹni tó ń tọ́jú irúgbìn, tó ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ ilẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Èyí tó ń dùn mí ni ti obìnrin tó mọ bí a ṣe ń rin àgbọn, bí a ṣe ń fún wàrà rẹ̀, tí a ó sì sè é títí òróró yóò fi yọ, tó ní ìkòkò àti asẹ́ nílé, síbẹ̀ tó ń ta àgbọn rẹ̀ lódindi fún alájàpá, tó tún wá ń ra òróró inú ìgò lọ́jà.

Ẹ wo ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, níbi tí Nàìjíríà ti bá Benin pààlà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ibodè orí ilẹ̀ pa. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹrù tó ń gba ibẹ̀ kọjá, tó sì ti ń sọ tipẹ́ pé òun máa bẹ̀rẹ̀ òróró àgbọn "bí ọwọ́ bá dilẹ̀", ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ owó tí ì bá fi ra àgbọn àkọ́kọ́ ti há sínú ọjà tó wà ní òdìkejì ààlà, àwọn tí ì bá sì ra òróró lọ́wọ́ rẹ̀ ti ní ẹlòmíràn tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀.