Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń so clé USB mọ́ra, àti ìdí tó fi yẹ kí ẹ tú u kí ẹ tó yọ ọ́

Ní Gbégamey, ní Cotonou, ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé jáde máa ń mú clé USB rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe photocopie. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á ki clé náà bọ ordinateur, á ṣí ìwé náà, á tẹ̀ ẹ́ jáde, á sì fa clé yọ kíá, torí pé èèyàn ti tò sẹ́yìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan kan kì í ṣe é. Àmọ́ ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ máa ki clé yẹn bọ ẹ̀rọ mìíràn, tí ẹ̀rọ á ní kí ẹ «formater» rẹ̀. Mémoire ọmọ yín, fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀ tí ẹ scanner, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ewu. Kí ló fà á?

Kí là ń pè ní síso?

Clé USB, disque dur àti carte mémoire dà bí ọkọ̀ ojú omi tó kó ẹrù wá. Ẹni tó bá gba etí ọ̀sà Dantokpa kọjá mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó já ẹrù. Bí ti kọ̀ǹpútà náà ṣe rí nìyẹn. Kíki clé bọ ihò nìkan kò tó. Système tó ń darí ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ Windows, Linux tàbí macOS, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà to nǹkan sínú clé náà (FAT32, exFAT, NTFS tàbí ext4), kó ka àtòjọ ẹrù rẹ̀, kó sì fún un ní àyè láàárín àwọn fáìlì tirẹ̀. Iṣẹ́ yìí làwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní «monter» lédè Faransé. Títú u ni «démonter». Lójú ẹ̀rọ, «éjecter» lẹ máa rí.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Láyé àtijọ́, èèyàn ló ń fi ọwọ́ gbé téèpù ńlá kọ́ sára kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Lọ́dún 1971, Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti ilé iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà fi àṣẹ kan tó ń jẹ́ mount sínú système wọn, Unix. Lójú wọn, gbogbo fáìlì jẹ́ igi kan ṣoṣo, disque tuntun sì dà bí ẹ̀ka tí wọ́n lọ́ mọ́ igi náà. Linux ṣì ń tẹ̀ lé ọ̀nà yìí dòní.

MS-DOS, tó jáde lọ́dún 1981, gba ọ̀nà mìíràn: ó fún disque kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà. A àti B jẹ́ ti disquette, C jẹ́ ti disque dur. Ìdí nìyẹn tí clé yín fi ń jẹ́ E: tàbí F: lórí Windows. Ó rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà lè yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn.

Lórí Macintosh, tó dé lọ́dún 1984, ńṣe lẹ máa wọ́ àwòrán disque lọ sínú corbeille kó tó jáde. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn, torí pé inú corbeille kan náà ni wọ́n ń da ohun tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ sí! Nígbà tó yá, wọ́n tún un ṣe: bí ẹ bá ti ń wọ́ disque, corbeille á yí padà di àmì éjecter.

Kí nìdí tó fi yẹ ká tú u?

Clé máa ń lọ́ra. Kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ dúró dè é, torí náà ó lè sọ fún yín pé òun ti kọ fáìlì tán, nígbà tí apá kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mémoire vive. Tí ẹ bá fa clé yọ lásìkò yẹn, tàbí tí iná bá lọ, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ti ọkọ̀ kúrò létí omi nígbà tí alábàárù ṣì gbé ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àtòjọ ẹrù ló ń kọ lọ́wọ́, gbogbo clé lè dojú rú.

Láti ọdún 2018, Windows 10 (version 1809) kì í sábà dá ọ̀rọ̀ clé dúró lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyẹn dín ewu kù, kò mú un kúrò: tí ẹ bá fa clé yọ nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ó ṣì lè bàjẹ́. Linux sì ṣì máa ń dá a dúró.

Ọkọ̀ kan kì í so mọ́ èbúté méjì. Lórí àwọn Android àtijọ́, tí ẹ bá fi okùn so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà láti wo carte mémoire, fóònù kò ní rí fọ́tò rẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi tú u. Láti nǹkan bí ọdún 2011, wọ́n yí i padà sí MTP: fóònù di ọkọ̀ rẹ̀ mú, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ẹrù lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́.

Ojú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ òótọ́

Àwọn tó ń ṣe système ṣì ń tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Lórí Linux, àṣẹ kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ síso, tó bá sì kùnà, ó ṣòro láti mọ ibi tó ti kùnà. Lọ́dún 2019, Linux 5.2 pín in sí ìgbésẹ̀: fsopen, fsconfig, fsmount àti move_mount, kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè sọ ìṣòro tirẹ̀. Ó yẹ kí ojú ẹ̀rọ tiwa náà sọ ọ́ kedere: «mo ṣì ń kọ ọ́», «mo ti tán».

Ohun tí ẹ lè ṣe

1. Ẹ tẹ «éjecter», kí ẹ sì dúró dìgbà tí ẹ̀rọ bá ní ẹ lè yọ clé.
2. Tó bá ní ẹnì kan ṣì ń lò ó, ẹ pa ìwé tí ẹ ṣí dé, kí ẹ tún gbìyànjú.
3. Tó bá ní kí ẹ «formater», ẹ tẹ «Annuler». Ó ṣeé ṣe kí ẹrù ṣì wà níbẹ̀, kó jẹ́ àtòjọ nìkan ló bàjẹ́. Ẹ má ṣe kọ nǹkan tuntun sínú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́.
4. Ẹ ní ẹ̀dà kejì níbòmíràn. Clé kan ṣoṣo kọ́ ló yẹ kó di ìwé ilẹ̀ yín mú.

Tí ẹlòmíràn bá ń bá yín tẹ ìwé, kò sí àbùkù nínú kí ẹ sọ fún un pé: «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ éjecter rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́.» Kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.