Ìwé Wo Ni Ó Yẹ Ọmọdé?

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn àgbà ìlú kan ń bẹ̀rù, kí a wo irú ìwé tí wọ́n kà léèwọ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o ń ka ojú ìwé yìí, bóyá ẹnì kan ti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ rí, tí ó sì wí fún ọ pé, “Èyí kò yẹ ọ.” Ó lè jẹ́ òbí rẹ, ó sì lè jẹ́ olùkọ́ rẹ. Èmi pàápàá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn rí, n óò sì sọ bí ó ti rí kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, kí a lè rí i pé ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ìwé tí ó yẹ ọmọdé kò dúró sójú kan rí.

Ní nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn, àwọn onígbàgbọ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Puritan. Wọ́n gbà pé ọkàn ọmọ wà nínú ewu láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ní nǹkan bí ọdún 1671, ọ̀kan nínú àwọn oníwàásù wọn, James Janeway, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan jáde fún àwọn ọmọdé. Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Ìtàn àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ronú pìwà dà, tí wọ́n sì fi ayọ̀ kú. Má ṣe yára rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1665, àjàkálẹ̀ àrùn ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí ni ó sì ti fi ọwọ́ ara wọn sin ọmọ. Ẹni tí ikú ń wọ ilé rẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè ṣàì kọ́ ọmọ rẹ̀ bí a ti ń kú.

Nígbà tí ó di ọdún 1693, ọlọ́gbọ́n kan tí ń jẹ́ John Locke kọ̀wé lórí bí ó ti yẹ kí a tọ́ ọmọ. Ó ní kí ẹ̀kọ́ ìwé dà bí eré lójú ọmọdé, ó sì yin àwọn ìtàn ẹranko tí à ń pè ní ti Aesop, èyí tí ó jọ àlọ́ Ìjàpá tiwa. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé kí a má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ fi ìtàn iwin àti òkùnkùn dẹ́rù ba ọmọ. Ní ọdún 1744, òǹtẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, John Newbery, gba ọ̀nà tí Locke là sílẹ̀. Ó tẹ ìwé kékeré aláwòrán kan tí ó ń tà ní sísì. Ẹni tí ó bá fi kọ́bọ̀ méjì lé e yóò gba bọ́ọ̀lù fún ọmọkùnrin, tàbí ìrọ̀rí kékeré tí a ń gún abẹ́rẹ́ sí fún ọmọbìnrin. Apá kan rẹ̀ pupa, apá kejì dúdú. Bí ọmọ bá hùwà rere, a ó gún abẹ́rẹ́ kan sí apá pupa. Bí ó bá ṣe búburú, a ó gún un sí apá dúdú. O rí i pé eré ti wọ inú ìwé, ṣùgbọ́n pàṣán ṣì wà lẹ́yìn eré náà.

Láti ọdún 1802 títí di 1806, Sarah Trimmer, ìyá ọlọ́mọ méjìlá tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀, ń tẹ ìwé ìròyìn kan tí ó ń fi yẹ àwọn ìwé ọmọdé wò. Òun ni ó gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n ṣọ́ra fún ìtàn iwin. Nínú ìwé ìròyìn yìí ni a ti bu ẹnu àtẹ́ lu ìtàn Cinderella, pé ó ń kọ́ ọmọ ní ìlara, ìfẹ́ aṣọ olówó ńlá, àti ìkórìíra ìyàwó bàbá. Ní ọdún 1812, àwọn arákùnrin méjì tí ń jẹ́ Grimm kó ìtàn àtẹnudẹ́nu ilẹ̀ Jámánì jọ sínú ìwé. Nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́, ìyá tí ó bí Snow White gan-an ni ó fẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ ní ọdún 1819, wọ́n yí ìyá yìí padà sí ìyàwó bàbá, nítorí pé ó burú lójú wọn kí ọmọdé kà pé abiyamọ lè pa ọmọ inú ara rẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò yọ bàtà irin gbígbóná tí a fi pa obìnrin náà kúrò. Ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ìyàwó bàbá búburú tí wọ́n sọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé yóò ba ọmọ jẹ́, òun kan náà ni wọ́n fà wọlé ní Jámánì kí ìtàn lè yẹ ọmọ. Ta ni nínú wọn kò fẹ́ràn ọmọdé? Gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀.

Ìwé kan wà ní Amẹ́ríkà tí ìdájọ́ rẹ̀ tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mark Twain ni ó kọ ọ́, ìtàn Huckleberry Finn, ọmọkùnrin kan tí ó bá ẹrú kan sá lọ lórí odò. Ní ọdún 1885, ilé ìkàwé ìlú Concord lé e jáde nítorí pé ìwà àti èdè inú rẹ̀ kò mọ́. Ní ọdún 1957, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú New York yọ ọ́ kúrò lára ìwé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kékeré yóò máa lò, nítorí pé àwọn ènìyàn dúdú ń ráhùn lórí orúkọ ìwọ̀sí tí a fi pè wọ́n nínú rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni, ẹ̀sùn méjì ni. Àwọn àgbà àkọ́kọ́ ń ṣọ́ ìwà ọmọ; àwọn ti ìkejì ń ṣọ́ ọlá ọmọ ẹ̀dá. Ìgbà ni ó yí, ojú tí a fi ń wo ìwé náà sì yí pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Kí ìwé tó dé, àlọ́ ni ìwé ọmọdé, òṣùpá ni fìtílà, ìyá àgbà sì ni olùkọ́. Orogún búburú wà nínú rẹ̀, iwin wà níbẹ̀, Ìjàpá olè náà kò gbẹ́yìn. Kò sì sí ẹni tí ó ní kí ọmọ má gbọ́. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere dé, ìwé ẹ̀sìn ni ó pọ̀ jù ní ilé ẹ̀kọ́. David Hinderer, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, yí ìwé John Bunyan, ọ̀kan nínú àwọn Puritan wọ̀nyẹn, sí Yorùbá: òun ni Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1938, D. O. Fágúnwà, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Iwin àti ẹbọra tí ilé ẹ̀kọ́ ti fi sílẹ̀ lóde tún gba ẹnu ọ̀nà ìwé wọlé, ilé ìtẹ̀wé C.M.S. gan-an ni ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti ipasẹ̀ ìwé náà fẹ́ràn ìwé kíkà.

Wàyí o, jẹ́ kí n san gbèsè tí mo jẹ ọ́. Ní ọdún 1982, nígbà tí n kò tí ì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, mo ká ọmọkùnrin kan mọ́ ibi tí ó ti ń ka ìwé ìtàn olè àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lábẹ́ tábìlì. Mo wo àwòrán ìbọn tí ó wà lára èèpo ìwé náà, mo sì ṣe ìdájọ́. Mo fà á ya lójú gbogbo kíláàsì, mo sì kó o sínú iná. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn tẹrí ba. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ wá bá mi. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá ìjà wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun tí ẹ ń bá wa tọ́ ọmọ. Ìwé tí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, òun ni ó máa ń kà sí mi létí lálaalẹ́ bí mo bá ń bó ẹ̀gúsí. Èmi kò mọ̀wé. A kò tí ì kà á tán. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni ó jí owó náà?”

N kò lè dá a lóhùn, nítorí n kò ka ìwé náà. Mo wá ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn títí, n kò rí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìbáà ṣe ìwé ni a ń dá lẹ́jọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo ìwé ni ó dára. Ìwé tí ń kọ́ni láti kórìíra ẹ̀yà mìíràn, tàbí tí ń fi ara ènìyàn ṣe ọjà, kò yẹ ọmọdé, kò sì yẹ àgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí ń ti inú fóònù wá lóde òní. Nítorí náà, má ṣe kórìíra àgbà tí ó bá kì ọ́ nílọ̀: béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹríba, nítorí ìfẹ́ ni ó sábà máa ń wà nídìí ìbẹ̀rù rẹ̀. Ìwọ náà yóò di àgbà. Bí o bá fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ ní ọjọ́ náà, kọ́kọ́ jókòó tì í, kí ẹ jọ kà á dé òpin. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.