Orin Inú Ìpolówó Ọgbà Ìgbafẹ́ àti Hótẹ́ẹ̀lì Ìsinmi

Orin inú ìpolówó ọgbà ìgbafẹ́ ni orin tí àwọn tó ni ọgbà eré ńlá, hótẹ́ẹ̀lì ìsinmi àti ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ń lò lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n láti fi pe èèyàn wá. Ẹni tó ń ta ọṣẹ lè fi aṣọ tó mọ́ hàn. Ayọ̀ ni ọgbà ìgbafẹ́ ń tà, ayọ̀ kò sì ṣe é gbé sórí àtẹ. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi pọ̀ lọ́rùn orin níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, ó ní láti mú kí ara olùgbọ́ yá gágá kó tó béèrè iye owó ìwọlé.

Ilé iṣẹ́ Walt Disney wà lára àwọn tó tètè mọ èyí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1954, tí wọ́n ṣì ń kọ́ Disneyland lọ́wọ́ ní Anaheim, ìpínlẹ̀ California, ètò tẹlifíṣọ̀n kan tó ń jẹ́ orúkọ ọgbà náà bẹ̀rẹ̀ lórí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC, tí òun náà dáwó sí kíkọ́ ọgbà náà. "When You Wish Upon a Star", orin inú fíìmù Pinocchio ti ọdún 1940, ni wọ́n fi ń ṣí i. Ọgbà náà kò ṣí títí di oṣù Keje ọdún 1955, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ ti wà létí àwọn ọmọdé ṣáájú. Orin yìí kan náà ló ń dún lábẹ́ ìpolówó ọdún 1987, nígbà tí Phil Simms, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ borí nínú Super Bowl, kéde pé Disney World lòun ń lọ.

Àwọn mìíràn máa ń ní kí wọ́n kọ orin tuntun fún àwọn. Èyí tó gbọ́n jù nínú wọn ni ti hótẹ́ẹ̀lì Hatoya nílùú Ito, ní Japan, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Nosaka Akiyuki, tó di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ìtàn lẹ́yìn náà, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Izumi Taku ló fi ohùn sí i. Nọ́ńbà fóònù hótẹ́ẹ̀lì náà, 4126, ni ẹ̀mí orin ọ̀hún: tí ará Japan bá pè é ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á di gbólóhùn tó ń yin ibi ìwẹ̀ tó dára. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti há nọ́ńbà sórí, ó sì ti mọ ohun tí wọ́n ń tà. Ní Amẹ́ríkà, Mount Airy Lodge, hótẹ́ẹ̀lì ìsinmi kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, kógbá sílé ní 2001, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ará New York ṣì mọ orin ìpolówó rẹ̀ lórí.

Yíyá orin tí ayé ti mọ̀ yá ju kíkọ tuntun lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè má bá ọjà mu. Royal Caribbean fi "Lust for Life", orin Iggy Pop ti ọdún 1977, polówó ìrìn àjò orí omi. Ọ̀rọ̀ oògùn olóró wà nínú orin náà. Ìlù rẹ̀ àti àkọlé rẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀.

Ìyọ̀ǹda méjì ni olùpolówó ní láti gbà: ti ẹni tó ni orin kíkọ, àti ti ẹni tó ni àwo tí wọ́n gbà á sí. Èyí ló mú kí orin àtijọ́ wúlò. Alton Towers, ọgbà eré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ "In the Hall of the Mountain King" di orin ìdánimọ̀ rẹ̀. Edvard Grieg tó kọ ọ́ kú ní 1907, kò sì sí ẹni tó ń gba owó ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Orin náà bá ọgbà eré mu gan-an: ó ń bẹ̀rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, ó ń yára sí i, ó ń lọ sókè, títí á fi bú jáde.

Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù ni ti ilé iṣẹ́ ọgbà eré Six Flags ní 2004. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan dúró. Bàbá arúgbó kan tó pá lórí, tó wọ kóòtù dúdú àti awò ojú ńlá, rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí eegun ń dùn. Lójijì ni "We Like to Party!" ti àwọn Vengaboys bẹ́ jáde, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ọ̀dọ́. Orin náà fúnra rẹ̀ dá lórí bọ́ọ̀sì tó ń gbé aláríyá kiri, nítorí náà ni àwòrán àti ohùn ṣe wọ ara wọn. Wọ́n dá bàbá náà dúró ní ìparí 2005, wọ́n sì gbé e padà ní 2009, ọdún tí Six Flags lọ sí kóòtù láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn olówó tó ń sin ín ní gbèsè.