KÁÀDÌ TÍ A Ò NÍ, ÀTI ÌWÉ TÓ WÀ LÁBẸ́ BẸ́Ẹ̀DÌ

Kí ẹ tó ṣí lọ síbi tí fọ́tò yín wà, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: níbo ni tíkẹ́ẹ̀tì, fọ́tò àti kàlẹ́ńdà bọ́ọ̀lù tí bàbá yín tò jọ wà báyìí?

Ohun tó mú mi béèrè ni káàdì eléré ìdárayá ti àwọn òyìnbó. Páálí lásán ni àwọn oníṣìgá Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ń ki bọ inú páàkì nígbà láéláé, kí sìgá má baà tẹ̀. Wọ́n wá tẹ àwòrán eléré sí i, kí ẹni tó rí ọ̀kan lè máa wá ìyókù kiri. Àwọn oníṣingọ́ọ̀mù náà kọ́ ọ lára wọn. Ní 1952, iléeṣẹ́ Topps tẹ káàdì Mickey Mantle, ògbóǹtarìgì eléré baseball. Òṣìṣẹ́ wọn kan, Sy Berger, sọ pé nígbà tí ọjà náà kò tà, òun lòun kó o lọ dà sínú òkun ní 1960. Ẹ wá gbọ́ o: ní August 2022, ẹyọ káàdì Mantle yẹn kan ṣoṣo tà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là! Kì í ṣe pé ó pẹ́ nìkan. Igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì mú ṣámúṣámú, àwọ̀ rẹ̀ ò ṣá. Irú rẹ̀ tó ti ká létí kò sún mọ́ iye yẹn rárá.

Àwa ńkọ́? Panini ti Ítálì bẹ̀rẹ̀ álíbọ́ọ̀mù Ife Àgbáyé ní 1970, ṣùgbọ́n 1994 ni Nàìjíríà tó débẹ̀. Ìgbà yẹn ni àwọn bíi Rashidi Yekini, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars wa níbí, tó bọ́ sínú rẹ̀. Àmọ́ ní 1976, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Múdà Lawal, Sam Òjébọ̀dé àtàwọn yòókù ti lu Tonnerre Yaoundé, ẹgbẹ́ tí Roger Milla wà nígbà náà, 4–2 lápapọ̀ góòlù, wọ́n sì gba Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà ṣáájú wọn. Ta ló tẹ káàdì fún wọn?

Ìwé ìròyìn tí bàbá yín gé, tíkẹ́ẹ̀tì Liberty Stadium, kàlẹ́ńdà tó kọ́ sára ògiri pálọ̀, àwọn ni káàdì tiwa. Daily Sketch tó ń ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn kò jáde mọ́. Múdà ti kú láti 1991, Yekini náà kú ní 2012. Àwọn tó lè fọwọ́ tọ́ka sí ojú ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú fọ́tò, wọ́n ń dín kù.

Àwa ará Bódìjà sì mọ̀ pé ilé kì í ṣe àpótí irin. Omíyalé ọdún 2011 kọ́ wa. January 16, 2024, àdó olóró tí wọ́n kó pamọ́ bú gbàù ní Old Bódìjà, ilé fọ́, ẹ̀mí lọ. Ta ló máa wá rántí béèrè àpótí ìwé? Ká má tilẹ̀ sọ ti ikán, tí kò nílò kí nǹkan kan bú gbàù rárá.

Nítorí náà, ẹ má gbé e lọ business centre kí wọ́n laminate ẹ. Ooru àti gọ́ọ̀mù wọn kò ṣe é tú mọ́ láéláé. Ẹ má lẹ téèpù mọ́ ọn, yóò di pupa rúsúrúsú. Rọ́bà máa ń jẹ etí ìwé. Láílọ́ọ̀nù tó ń rùn bíi táípólì tuntun, ẹ jìnnà sí i. Ẹ wá èyí tó mọ́ gaara tí kò rùn, ẹ ki ìwé náà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi páálí líle tì í lẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbé e sókè kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tí oòrùn ò dé. Ẹ fi fóònù yà á, kẹ́ ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó wà ní London.

Kẹ́ ẹ tó tọ́jú rẹ̀ ṣá, ẹ gbé e tọ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó bá ṣì wà láyé lọ, kí wọ́n dárúkọ gbogbo ojú tó wà níbẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ sẹ́yìn o, kì í ṣe báírò.