Láti Dísìkì 24 Dé Síìdì Kan: Bí Linux Ṣe Di Ohun Tí Ọ̀gbẹ̀rì Lè Gbé Kalẹ̀

Ẹ̀tọ́ tí a kọ sínú ìwé kò tíì di ti ẹni tí kò rí ọ̀nà lò ó. Ìtàn Linux fi èyí hàn kedere. Lẹ́yìn tí ìwé àṣẹ ti fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti lo ètò ìdarí kọ̀ǹpútà yìí, ọdún púpọ̀ ṣì kọjá kí olùbẹ̀rẹ̀ tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sórí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, Richard Stallman, ọmọ Amẹ́ríkà, kéde iṣẹ́ GNU. Èrò rẹ̀ ni láti ṣe ètò ìdarí tí ẹnikẹ́ni lè lò, kí ó yẹ inú rẹ̀ wò, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kéde iṣẹ́ tí ó wá di Linux, ìyẹn kókó inú ètò tí ó ń darí ẹ̀rọ gan-an. Ní ọdún 1992, ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GNU, iṣẹ́ méjèèjì sì para pọ̀ di odidi.

Síbẹ̀, gbígbé e kalẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀gbẹ̀rì. Nígbà tí Patrick Volkerding gbé Slackware jáde ní oṣù Keje ọdún 1993, dísìkì pẹlẹbẹ 24 ni ó gbà. Ẹni tí ó fẹ́ lò ó yóò máa ti dísìkì bọ ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, iṣẹ́ lè dúró lójú kan. Yóò tẹ àṣẹ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ pín dísìkì inú ẹ̀rọ sí yàrá yàrá. Àṣìṣe kékeré níbi ìpín yìí lè pa gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ìdí láti bẹ̀rù.

Ohun méjì ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Èkíní ni ojú tí ètò náà gbé wọ̀. Ní ọdún 1996, Matthias Ettrich bẹ̀rẹ̀ KDE ní Jámánì. Ní ọdún 1997, Miguel de Icaza àti Federico Mena bẹ̀rẹ̀ GNOME. Láti ìgbà náà, olùlò lè yan ojú tí ó wù ú, kí ó sì pààrọ̀ àwọ̀ àti àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Èkejì ni àyè láti dán an wò. Ní ọdún 2000, Klaus Knopper gbé Knoppix jáde, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ láti orí síìdì láìfọwọ́ kan dísìkì inú ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2004, ilé iṣẹ́ Canonical, tí Mark Shuttleworth ọmọ Gúúsù Áfíríkà dá sílẹ̀, gbé Ubuntu jáde. Títí di ọdún 2011, wọ́n ń fi síìdì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2006, síìdì kan ṣoṣo ti tó láti dán Ubuntu wò àti láti gbé e kalẹ̀. Èdè tí olùlò fẹ́ ni ó sì kọ́kọ́ béèrè.

Ìbéèrè èdè yìí kan ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Toronto, nítorí kíbọ́ọ̀dù ibẹ̀ kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Nínú àwọn ètò Linux, kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà wà, Yorùbá, Haúsá àti Ígbò sì ní tiwọn lábẹ́ rẹ̀. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, àfi kí a fi àmì kún lẹ́tà. Kíbọ́ọ̀dù tí kò lè tẹ àmì náà kò lè ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀.

Bí ètò kíbọ́ọ̀dù kan kò bá tẹ́ni lọ́rùn, fáìlì tí a kọ ọ́ sí wà ní gbangba. Olùlò lè ṣí i, kí ó tún un tò, kí ó sì pín in fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìtọrọ àṣẹ. Ibi tí ẹ̀tọ́ ọdún 1983 ti di ohun tí ọwọ́ olùbẹ̀rẹ̀ tẹ̀ nìyẹn: ó lè kọ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀.