Ojú Owó àti Èrè

Kí ilé ẹ̀kọ́ tó dé, àwọn ìyá wa ti ń kọ́ ọmọ lọ́jà pé a kì í jẹ ojú owó mọ́ èrè. Ní 1854, Àlùfáà Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni Ìwé Ìròhìn ti jáde ní 1859. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní 1955. Ilé ẹ̀kọ́ kún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ̀wé kò kárí àwọn ọmọ wa. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò kún ẹ̀kọ́ gírámà. Ìwé nìkan kò lè kọ́ni ní òwò. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò ìlú wa, a bẹ̀ yín, ẹ yọjú sí wọn.